Rósárì Mímọ́ àti Ọjọ́ Méje Ọ̀sẹ̀

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn wọ inú ẹ̀kọ́ wa, nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ ni a fẹ́ sọ. A fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà, ìyẹn ìjọ Kátólíìkì, fi ń gba àdúrà rósárì ní ọ̀nà kan lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n sì ń gbà á ní ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí sí mi lọ́kàn kò jìnnà. Nyanya, ní ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn Àbújá, ni àwọn òbí mi ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ á mọ̀ pé ojú ọ̀nà tí ó ti Keffi wọ Àbújá ni ìlú náà wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn òṣìṣẹ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Mararaba àti Karu ti ń rọ́ kọjá níbẹ̀ lọ sí àárín ìlú. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá, Ìgbò, Tiv, Haúsá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ló kún ibẹ̀. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá sì dé, ẹ ó rí àwọn ọmọdé tí wọ́n pé jọ síwájú ère Màríà, tí wọ́n ń gba àdúrà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí blọ́ọ̀kù rósárì.

Ní ìsinmi tó kọjá, ọjọ́bọ̀ kan ni mo bá wọn dúró. Ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ará Ìjùmú, tí a máa ń pè ní Màmá Àgbà, wà níbẹ̀. Màmá Àgbà ní, "Ayọ̀ ni tòní, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀." Ọmọkùnrin tí ó ń darí àdúrà dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìmọ́lẹ̀ ni tòní." Ni ìyá bá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a tó bí bàbá ọmọ náà ni òun ti ń ka ti ayọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ́wọ́ ni àbúrò ọmọkùnrin náà, ọmọ tí kò lè ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, bá la ẹnu. Ó ní, "Màmá Àgbà, ṣé ti ayọ̀ náà lẹ gbà lọ́jọ́ Ajé tí bọ́ǹbù dún ní gáréèjì?"

Gbogbo wa dákẹ́ lọ gbári. Èmi ní tèmi ru ìbéèrè méjèèjì padà wá sí ilé ìwé. Èkíní ni pé, ta ló jàre nínú ìyá àti ọmọ? Èkejì ni pé, bí ètò ọ̀sẹ̀ bá ní kí a ronú ayọ̀, tí omijé sì wà lójú ẹni, kí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe? Ìdáhùn tí mo rí ni mo kó síhìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ọmọ ìjọ mìíràn, ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ sọ yín di Àgùdà. Ẹ̀kọ́ ni, ohun tí a bá sì fi kọ́ ọmọ ẹnì kan lè wúlò fún ọmọ ẹlòmíràn.

Kí ni rósárì?

Orúkọ yìí wá láti inú èdè Látìn, ohun tí ó sì túmọ̀ sí ni ọgbà òdòdó rósì. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ ni a fi ń kà á, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń fi tẹsùbáà ka tiwọn. Ìlẹ̀kẹ̀ 59 ló wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Àgbélébùú kékeré ló wà ní ìdí rẹ̀, níbẹ̀ ni a ti ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ 6 jẹ́ ti Baba Wa, 53 tó kù sì jẹ́ ti Mo Kí Ọ Màríà. Nínú 53 yìí, 3 wà ní ìbẹ̀rẹ̀. 50 tó kù pín sí ọ̀wọ́ márùn-ún, mẹ́wàá nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá parí ọ̀wọ́ kan, a ó ka Ògo Ni Fún Baba, a ó sì bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé kíka ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni rósárì kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnu bá ti ń ka àdúrà, ọkàn gbọ́dọ̀ máa wo ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú ìgbésí ayé Jésù tàbí ti Màríà ìyá rẹ̀. Ọ̀wọ́ kan, ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló ń yí padà láti ọjọ́ kan sí èkejì. Àdúrà tí ẹnu ń kà kì í yí padà rárá.

Kí ni kí a pe àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní Yorùbá? Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè gbọ́dọ̀ dúró níbí díẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ pé àdììtú ni. Gbogbo wa mọ ọ̀rọ̀ yìí, D. O. Fágúnwà sì lò ó fún àkọlé ìwé rẹ̀, Àdììtú Olódùmarè, tí ó jáde ní 1961. Àdììtú ni ohun tí a dì tí a kò lè tú. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lo ohun ìjìnlẹ̀ nínú àwọn ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ. Ní tèmi, ohun ìjìnlẹ̀ ló bá ọ̀rọ̀ rósárì mu jù. Ohun tí a dì pa, tí a kò lè tú, a ó fi í sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kànga tí ó jìn, ojoojúmọ́ ni a ń pọn ún, omi rẹ̀ kì í sì í tán. Báyìí ni ti ẹni tí ó ti ka rósárì fún ogójì ọdún tí ó sì tún ń kà á lónìí. Nítorí náà, ohun ìjìnlẹ̀ ni n ó máa lò títí dé òpin.

Ohun ìjìnlẹ̀ mẹ́rin lọ́nà márùn-ún

Ogún ni wọ́n, ọ̀wọ́ mẹ́rin ni a sì pín wọn sí.

Ti Ayọ̀: áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì mú ìròyìn wá fún Màríà, Màríà bẹ Èlísábẹ́tì wò, a bí Jésù, a gbé Jésù lọ sí tẹ́ńpìlì, a rí Jésù nínú tẹ́ńpìlì lẹ́yìn tí ó ti sọnù fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ti Ìmọ́lẹ̀: Jésù ṣe ìrìbọmi nínú odò Jọ́dánì, ó sọ omi di wáìnì níbi ìgbéyàwó ní Kánà, ó kéde ìjọba Ọlọ́run, ìrísí rẹ̀ yí padà lórí òkè, ó fi ara rẹ̀ ṣe oúnjẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ti Ìbànújẹ́: Jésù jẹ̀rora nínú ọgbà Gẹtisémánì, wọ́n nà án ní pàṣán, wọ́n dé e ní adé ẹ̀gún, ó ru àgbélébùú, wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú, ó sì kú.

Ti Ògo: Jésù jíǹde, ó gòkè re ọ̀run, Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀ kalẹ̀, a gba Màríà sí ọ̀run tara tọkàn, a dé Màríà ládé.

Ètò ọ̀sẹ̀ tí ìjọ ń lò lónìí rí báyìí:

Ọjọ́ Ajé: Ayọ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ìbànújẹ́
Ọjọ́rú: Ògo
Ọjọ́bọ̀: Ìmọ́lẹ̀
Ọjọ́ Ẹtì: Ìbànújẹ́
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Ayọ̀
Ọjọ́ Àìkú: Ògo

Ta ló jàre, ìyá tàbí ọmọ?

Láti dáhùn ìbéèrè yìí, a ní láti padà sẹ́yìn. Láyé àtijọ́, àwọn tí ń gbé ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn a máa ka Sáàmù 150 tí ó wà nínú Bíbélì. Àwọn tí kò mọ̀wé kò lè kà wọ́n. Dípò rẹ̀, àdúrà kúkúrú 150 ni wọ́n ń kà, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni 150 yìí di Mo Kí Ọ Màríà, díẹ̀díẹ̀ náà ni a ń so ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbésí ayé Jésù mọ́ ọn. Àtẹnudẹ́nu ìjọ so ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ Dominic Mímọ́, ẹni tí ó kú ní 1221. Ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn onítàn fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló kọ́ ilé yìí. Ní 1569, Póòpù Pius Karùn-ún, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Dominic, fi ìwé àṣẹ rẹ̀ fi ìdí rósárì múlẹ̀ nínú ìjọ. Láti ìgbà náà, ohun ìjìnlẹ̀ 15 ni gbogbo ìjọ mọ̀: ayọ̀ márùn-ún, ìbànújẹ́ márùn-ún, ògo márùn-ún. Bí ènìyàn bá ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Mo Kí Ọ Màríà rẹ̀ á pé 150, iye Sáàmù gan-an.

Nígbà tí a wá pín wọn sí ọ̀sẹ̀, ayọ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ajé àti ọjọ́bọ̀. Ìbànújẹ́ bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ògo bọ́ sí ọjọ́rú, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú. Ẹ ṣe àkíyèsí pé ńṣe ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́ẹ̀méjì, ayọ̀, ìbànújẹ́, ògo, kí a tó wá fi ògo dé ọjọ́ Àìkú ládé. Ètò yìí ni Màmá Àgbà bá lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Òun ló tọ̀nà nígbà náà.

Àyípadà dé ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2002. Póòpù John Paul Kejì, ọmọ ilẹ̀ Póláǹdì, kọ lẹ́tà kan sí gbogbo ìjọ lórí rósárì. Ọjọ́ náà ni ó wọ ọdún karùndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ lórí oyè. Kì í ṣe àjèjì sí àwa ará Àbújá. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta 1998 ó ṣe Mísà ní Kubwa, nínú agbègbè olú ìlú wa yìí kan náà. Nínú lẹ́tà náà, ó wo ohun ìjìnlẹ̀ 15, ó rí i pé àlàfo wà nínú wọn. Láti ìgbà tí Jésù ti wà ní ọmọ ọdún méjìlá nínú tẹ́ńpìlì, ọgbà Gẹtisémánì ni a tún ti rí i. Níbo ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ìlú wà? Ìdí nìyí tí ó fi dábàá ohun ìjìnlẹ̀ márùn-ún ti ìmọ́lẹ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá sọ́kàn àlùfáà kan ní Málítà, George Preca, láti 1957. Ìjọ sọ òun náà di ẹni mímọ́ ní 2007.

Ọjọ́bọ̀ ni Póòpù fi ìmọ́lẹ̀ sí, nítorí ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú ikú Jésù ni ó fi ara rẹ̀ ṣe oúnjẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ìkarùn-ún nínú ti ìmọ́lẹ̀. Ayọ̀ tí ó wà ní ọjọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a gbé lọ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí ọjọ́ tí ìjọ ti yà sọ́tọ̀ fún Màríà láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Nítorí náà, ètò tuntun ni ọmọkùnrin náà ń tẹ̀lé, ètò àtijọ́ ni ìyá ń tẹ̀lé. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Póòpù kò fi ètò yìí ṣe òfin tí ó ní ìjìyà. Ó sọ ọ́ kedere nínú lẹ́tà kan náà pé kò gbọdọ̀ dí òmìnira ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, yálà ẹni tí ó ń dá gbàdúrà ni tàbí àwùjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn. A óò tún padà sí i.

Ọjọ́ wa àti ọjọ́ wọn

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú Yorùbá wo ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ohun tuntun fún wa láti fi ọjọ́ kan fún ohun mímọ́ kan. Kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tó dé, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni àwọn baba wa ń lò. Nítorí pé wọ́n máa ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní ọrún. Ọjọ́ kan jẹ́ ti Ọbàtálá, ọ̀kan ti Ifá, ọ̀kan ti Ògún, ọ̀kan ti Ṣàngó. Ọrọọrún náà ni wọ́n ń ná ọjà púpọ̀. Ẹni tí ó dàgbà sínú irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè pé kí ló dé tí ọjọ́ fi ní olúwa.

Àwọn orúkọ ọjọ́ méje tí a ń lò lónìí náà lè ràn wá lọ́wọ́ láti há ètò rósárì sórí. Kì í ṣe ìjọ Àgùdà ló sọ wọ́n lórúkọ o. Bí àwọn àgbà ṣe ń túmọ̀ wọn ni mo tẹ̀lé. Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní ọjọ́ tí nǹkan máa ń tì ni. Ọjọ́ Ẹtì náà ni wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ti tì lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Àìkú kò nílò àlàyé púpọ̀. Ọjọ́ tí a ń ronú àjíǹde ni, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ọ́ tán. Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ dáwọ́ lé ohun tuntun, nítorí kí nǹkan má baà rú. Ọjọ́ yìí gan-an ni rósárì fi ògo sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí ìbànújẹ́ ló bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Kristẹni léèrè ọ̀nà tí Jésù gbà ṣẹ́gun, á ní nípa ìyà tí ó jẹ ni. Bí ènìyàn bá ti fi orúkọ so ọjọ́ mọ́ ohun ìjìnlẹ̀ báyìí, kò ní í gbàgbé mọ́.

Ọjọ́ Ajé ní Nyanya

Wàyí o, a dé ibi tí ọmọdébìnrin náà bá wa dé.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ni àná rẹ̀, Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, nígbà tí àwọn tí ń lọ síbi iṣẹ́ kún gáréèjì Nyanya fọ́fọ́, bọ́ǹbù dún láàárín wọn. Ó lé ní 70 ènìyàn tí ó kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì fara pa. Ẹgbẹ́ Boko Haram ló jáde sọ pé òun ni òun ṣe é. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé Chibok lọ. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, tí òmíràn tún dún nítòsí ibẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 19 ló bá a lọ. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ yẹn. Bọ́ǹbù kò béèrè ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wò ó. Ọjọ́ Ajé, ayọ̀. Ọjọ́bọ̀, ìmọ́lẹ̀. Bí ènìyàn kan bá wà nínú ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn tí ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ti ayọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ètò. Ṣé ètò náà purọ́ ni? Ìdáhùn mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní, ayọ̀ tí rósárì ń sọ kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ ka orí kejì ìwé Lúùkù. Ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí nítorí kò sí àyè. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí tẹ́ńpìlì, tí ó yẹ kí inú ìyá rẹ̀ máa dùn, ni Símíónì arúgbó sọ fún un pé idà yóò gún ọkàn rẹ̀. Èyí ni ìkẹrin nínú ti ayọ̀. Nínú ìkarùn-ún, ọmọ sọnù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni bàbá àti ìyá fi ń wá a kiri. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá nígbà náà, ẹ rántí àwọn òbí tí wọ́n ń lọ láti ilé ìwòsàn kan sí èkejì ní ọjọ́ Ajé yẹn, tí wọ́n ń bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè orúkọ. Ẹni tí ó bá gba ti ayọ̀ lọ́jọ́ náà kò sá fún ìbànújẹ́. Inú rẹ̀ gan-an ló wà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, tibi tire la dá ilé ayé.

Èkejì ni gbólóhùn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ètò kò gba òmìnira. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ́jọ́ Ajé lè gba ti ìbànújẹ́, kò dẹ́ṣẹ̀. Nínú àṣà àtijọ́ pàápàá, ọ̀pọ̀ a máa gba ti ìbànújẹ́ lọ́jọ́ Àìkú nígbà Lẹ́ńtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ògo ni ọjọ́ Àìkú. A dá ètò fún ènìyàn ni, a kò dá ènìyàn fún ètò.

Ẹ̀kẹta ló wọ̀ mí lára jù. Bí ó bá jẹ́ pé bí ara bá ṣe ń ṣe mí ni mo fi ń yan ohun ìjìnlẹ̀, inú ara mi nìkan ni n ó máa gbé. Nígbà tí inú mi bá dùn, n kò ní í rántí ẹni tí ó ń sunkún. Nígbà tí mo bá ń sunkún, n ó rò pé ayọ̀ ti tán láyé. Ẹ rántí àárò tí àwọn baba wa ń ṣe. Lónìí, oko rẹ ni gbogbo ẹgbẹ́ ń ro. Lọ́la, oko mi ni. Bí koríko tilẹ̀ bo oko mi lónìí, tí ó bá jẹ́ pé oko rẹ ló kàn, oko rẹ ni n ó lọ. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tèmi ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ rósárì rí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó tuntun pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tí kò tíì gbó ń ronú àgbélébùú fún ẹni tí ó wà lórí àkéte àìsàn. Ní ọjọ́ Ajé, ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ń bá ìyàwó tuntun yọ̀. Ní ọjọ́rú, àwọn méjèèjì jọ ń wo ibì kan náà. Ètò yìí kì í jẹ́ kí ìbànújẹ́ jókòó pẹ́ jù, kì í sì í jẹ́ kí ayọ̀ gbàgbé ara rẹ̀.

Lórílẹ̀-èdè wa, a ti rí àwọn tí ó di rósárì mú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Oliver Dashe Doeme ti Maiduguri, ìlú tí Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀, sọ fún àwọn oníròyìn ní 2015 pé ní ìparí ọdún 2014 òun rí Jésù bí òun ṣe ń gbàdúrà. Ó ní Jésù na idà sí òun, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbà á, rósárì ni. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gba àwọn ènìyàn rẹ̀ níyànjú láti máa kà á. Bóyá a gba ìran náà gbọ́ tàbí a kò gbà á gbọ́, a ó gbà pé ọkùnrin tí wọ́n jó ilé ìjọsìn rẹ̀ ló ní ìlẹ̀kẹ̀ ni òun bá lọ́wọ́, òun kò bá idà.

Àgbálọgbábọ̀

Ní àkótán, a ti rí i pé ogún ni ohun ìjìnlẹ̀ rósárì láti 2002, àti pé 15 ni wọ́n kí ó tó di ìgbà náà. A ti rí ìdí tí ọjọ́ Ẹtì fi jẹ́ ti ìbànújẹ́, tí ọjọ́ Àìkú fi jẹ́ ti ògo, tí ọjọ́bọ̀ fi di ti ìmọ́lẹ̀, tí ọjọ́ Àbámẹ́ta sì fi di ti ayọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a ti rí i pé ètò ọ̀sẹ̀ kì í sọ fún ènìyàn pé báyìí ni kí inú rẹ rí lónìí. Àárò ni.

Ó ku ìdáhùn Màmá Àgbà. Nígbà tí ọmọdébìnrin náà bi í léèrè, ó pẹ́ kí ó tó fọhùn. Ó ní, "Ọmọ mi, ti ayọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ idà fún ìyá Jésù, ẹsẹ̀ mi kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì ni mo tó gba ìkarùn-ún." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọkùnrin tí ó ń darí àdúrà. Ó ní, "Ó yá, ti ìmọ́lẹ̀ rẹ náà dà? Kọ́ mi."

Ìdánrawò fún ẹ̀yin òǹkàwé

1. Dárúkọ ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ohun ìjìnlẹ̀ rósárì pín sí, kí o sì sọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ sí.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ètò ọ̀sẹ̀ ti àtijọ́ àti èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002?
3. Àdììtú tàbí ohun ìjìnlẹ̀, èwo ni ìwọ yóò lò? Sọ ìdí rẹ.
4. Bi àgbà kan ní ilé yín léèrè ìtumọ̀ orúkọ ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀. Kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀, kí o sì mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa.

Ire o.